Ìdérí Ọkọ̀ Apatáńkì

Gbogbo ènìyàn ló gbà pé àìròjinlẹ̀ ló pa Ọlájídé ọmọ mi. Joel tó ni ọkọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn. Adétutù, ìyàwó rẹ̀, gbà á ju gbogbo wọn lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó láàárín wọn, tí mò ń gbọ́ ọ, tí mò ń jẹun, tí mò ń dákẹ́.

Èmi ni mo pa á. N kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi kẹ́dùn. Mo kọ ọ́ nítorí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Wẹ́dà ni mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí bàbá mi tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ irin jíjó ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, mo sì ṣe é fún ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó mi bí fún mi. Ẹ̀jẹ̀ SS ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, nítorí pé nígbà tí àwa fẹ́ra wa, kò sí ẹni tó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èyí àkọ́kọ́ kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí òjò pa á. Èkejì kú lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, nínú ọyẹ́. Ìyá wọn tẹ̀lé wọn. Ọlájídé nìkan ló kù fún mi, òfin ni mo sì fi tọ́ ọ. Òjò kò gbọdọ̀ pa á. Òtútù kò gbọdọ̀ mú un. Kò gbọdọ̀ wẹ omi tútù, kò gbọdọ̀ sáré pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Bí òjò bá ṣú, màá pa iná iṣẹ́, màá gun kẹ̀kẹ́ lọ mú un ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó yè. Ó di ẹnjiníà, ó dé Amẹ́ríkà, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n pè ní Anna, wọ́n ra ilé ní Brandywine, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá máa bá wọn gbé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà tí mo pa á.

Joel ni aládùúgbò tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti wa pààlà. Ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, nínú ahéré páànù ńlá kan, ló gbé ọkọ̀ ogun kan sí, èyí tí wọ́n lò nígbà ogun Hitler. Bàbá Joel wà lára àwọn sójà adúláwọ̀ tí wọ́n wa irú rẹ̀ nígbà náà, Joel sì ti fi ọdún mẹ́wàá tún èyí ṣe, ó ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ káàkiri. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ọlájídé máa ń lọ bá a níbẹ̀. Ọlájídé ló fún ọkọ̀ náà lórúkọ Yorùbá: ọkọ̀ apatáńkì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ bá wọn débẹ̀. Mo yí ọkọ̀ náà ká. Mo gun ara rẹ̀, mo wo inú ilé ìbọn rẹ̀, ìyẹn yàrá irin tó wà lókè, tó ń yí pẹ̀lú ìbọn náà. Mo rí àga mẹ́ta, mo rí ìdí ìbọn, mo sì gbójú sókè, páànù ahéré ni mo rí.

Mo ní, "Orí rẹ̀ dà?"

Ọlájídé rẹ́rìn-ín. "Kò ní, Bàbá."

"Wọn ò ṣe é tán ni?"

"Wọ́n ṣe é tán. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn."

Joel ní kó túmọ̀ ohun tí mo sọ fún òun. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Sọ fún Bàbá pé ìbéèrè tí bàbá mi bi ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i nìyẹn."

Èmi fúnra mi bi í lédè òyìnbó pé kí ni ọ̀gá náà fi dá a lóhùn.

"Ó ní, 'Bí ìwọ bá ń bẹ̀rù òjò, lọ bá àwọn alásè.'"

Ọmọ mi jókòó lé etí ilé ìbọn náà, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń sọ nípa ọmọ rẹ̀. Ó ní táńkì gidi máa ń gbé ìkarahun irin rìn bí ìjàpá, ọta kò sì lè tètè wọ inú rẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni èyí, táńkì sì ni ẹran rẹ̀. Irin ara rẹ̀ kò nípọn ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọta ìbọn kékeré ló lè dá dúró, ìbọn ńlá á la á já bí ẹni la páálí. Nítorí náà eré ni ààbò rẹ̀. Wọ́n ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú bọ ìdí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́sàn-án, ó sì lè sá máìlì márùndínlọ́gọ́ta ní wákàtí kan. Kò sí táńkì kankan nígbà náà tó lè lé e bá. Ẹnu ìbọn rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta. Síbẹ̀, kò lè la iwájú àwọn táńkì ńlá ti Jámánì, àfi kó yípo kó lọ gba ẹ̀gbẹ́ wọn. Yóò lúgọ sẹ́yìn òkè, yóò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yóò sá lọ kí wọ́n tó mọ ibi tí ọta ti wá. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, àwọn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ ti kú.

Mo ní, "Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé wọ́n lè kú bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ṣírò ó. Bí ọta ìbọn ńlá bá kàn bẹ́ sórí igi lókè wọn, àfọ́kù irin rẹ̀ á rọ̀ lé wọn lórí."

"Wọn ò sì bò ó."

"Bàbá, wọn ò gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnìkejì ló máa yè, ẹni tó bá wà nínú àpótí kò ríran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí i sílẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ fún mi nìyẹn. Mo kà á.

Ní oṣù kẹsàn-án, Joel sọ pé wọ́n ti gbà kí òun wa ọkọ̀ náà nínú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ọjọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Oṣù kọkànlá ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí. Òun á wà níwájú nísàlẹ̀, níbi tí awakọ̀ máa ń jókòó, Ọlájídé á wà nínú ilé ìbọn, á máa yí ìbọn sọ́tùn-ún sósì kí àwọn ọmọdé lè rí i. Mo béèrè pé bí òjò bá rọ̀ ńkọ́. Joel ní òjò máa ń rọ̀ lọ́dọọdún lọ́jọ́ náà, ó fi ṣàwàdà pé ọṣẹ nìkan ló kù kí àwọn mú lọ́wọ́.

Nígbà tí èmi àti ọmọ mi ń rìn padà sílé, mo sọ fún un pé màá jó irin bo orí ọkọ̀ náà.

Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, kò ṣeé ṣe. Ẹ wò ó, ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ lè fò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó bá gbiná. Epo bẹntiró ló kún ìdí ẹ̀."

"Màá ṣe ilẹ̀kùn sí i."

"Ẹ máa ṣe méjì nígbà yẹn."

"Ilẹ̀kùn méjì, ojú òjò méjì. Ẹyọ kan tó."

Ìgbà kejì nìyẹn.

Ìgbà kẹta wáyé nínú ahéré, lọ́jọ́ tí mo mú téèpù lọ wọn ilé ìbọn náà. Joel kò sí nílé. Ọlájídé dúró nísàlẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, bó ṣe máa ń dúró níwájú mi láti kékeré. Ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Bí a bá bò ó, níbo ni èéfín á gbà jáde?"

"Èéfín wo? Ṣé ẹ fẹ́ yìnbọn lójú títì ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é..."

"Àwọn tó ṣe é kò bí ọ."

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun." Ó sì wá bá mi di òpin téèpù mú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Joel kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọlájídé lọ bá a, ó sọ fún un pé èrò òun ni. Ó ní ìṣirò òun ni, òun ẹnjiníà ló ya àwòrán rẹ̀, pé àwọn sójà kan ṣe irú ìdérí bẹ́ẹ̀ fúnra wọn nígbà ogun, òótọ́ sì ni. Ó ní bàbá òun kàn máa bá òun jó irin ni. Kò fẹ́ kí Joel fojú àgbàlagbà aláìmọ̀kan wò mí. Joel kọ́kọ́ ní kó má ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbà nígbẹ̀yìn nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí Ọlájídé kà.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo ṣe ilẹ̀kùn kan sí apá ọ̀tún, mo fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká bí ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, mo fi rọ́bà dí gbogbo ibi tí ìdérí àti ara ilé ìbọn ti pàdé. Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, mo ní kí Ọlájídé wọlé kó jókòó, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ọ̀pá omi rọ omi lé e lórí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ṣí i, kò sí ìkán omi kan lára rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ di fìríìjì."

Joel ní, "Ẹ fi ọbẹ̀ sí i ká wò ó bóyá á kan."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti dùn láti ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú lọ.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ náà, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tó tutù bí yìnyín. Adétutù wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, Anna wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọlájídé wọ súẹ́tà méjì, ó wọ fìlà onírun. Ó fẹ́ yọ orí àti èjìká síta láti ojú ilẹ̀kùn kó lè máa juwọ́ sí àwọn ènìyàn.

Mo ní, "Sọ̀kalẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, wákàtí kan péré ni. Àwọn ọmọdé fẹ́ rí èèyàn lókè ẹ̀."

"Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun àtijọ́ dúró tì wá, wọ́n ń wò wá. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ilé ìbọn. Mo gun ara ọkọ̀ náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn náà lé e lórí. Mo gbọ́ bí rọ́bà ṣe gbá a mú.

Ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ náà kò yá. Àwọn ọmọ ilé ìwé onífèrè ló wà níwájú wa, bí wọ́n bá dúró, a dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Joel yọ orí síta láti ojú ihò tirẹ̀ níwájú, òjò ń kán lé e lójú. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú agboòrùn. Mo fi orí agboòrùn gbá ara irin ní ẹ̀ẹ̀mejì, Ọlájídé náà gbá a ní ẹ̀ẹ̀mejì láti inú. Ìbọn ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí, mo tún gbá a. Ẹ̀ẹ̀kan ló dáhùn. Ìbọn dúró sí ọwọ́ òsì, kò yí mọ́. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, kò dáhùn.

Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Mo sọ nínú ara mi pé ìbínú kò ní pa á, òjò ló lè pa á. N kò ṣí i. Mo bá a rìn fún ogójì ìṣẹ́jú sí i, mo sì ń tọ́jú ilẹ̀kùn náà, kí ọmọdé kankan má gùn ún lọ ṣí i.

Nígbà tí a dé òpin ọ̀nà, Joel pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ mi jókòó lórí àga òsì, àgbọ̀n rẹ̀ wà láyà rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí. Kò sí ìkán omi kan lára rẹ̀.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ni. Ibì kan ti jò lára páìpù rẹ̀, èéfín tí kò lóòórùn ń gba ẹ̀yìn wọ inú ilé ìbọn náà. Fún ọgọ́rin ọdún ni èéfín bẹ́ẹ̀ ti ń rí ojú ọ̀run gbà lọ nínú irú ọkọ̀ náà, títí mo fi dí i. Èmi! Èmi tí mo bá wọn fọ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò mi kan n'Ìbàdàn, tí a bá ọkọ àti ìyàwó àti ọmọ méjì lórí ibùsùn nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wàásù fún gbogbo àdúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè wọ́n ní ẹran.

Àwọn tó wá ṣe ìwádìí bi Joel léèrè ẹni tó bo orí ọkọ̀ náà. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ọlájídé ni. Mo ní kó má ṣe é. Ó ní òun ti ṣírò ó." Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi. Ó rọra béèrè, bí a ti ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ṣé ọmọ mi ló ní kí n jó irin náà.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Anna ni mo rò. Òun nìkan ni ẹ̀jẹ̀ mi tó kù láyé. Bí Adétutù bá mọ̀, n kò ní wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni mo fi orúkọ ọmọ mi rà.

Bàbá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ wa ní Hillcrest Heights wá sọ fún mi bí ẹni pé n kò mọ̀. Wọ́n fi ẹnì kan tì mí nílé. Wọ́n rò pé ó dùn mí. Ara tù mí pé n kò ní dúró níwájú pósí náà.

Adétutù kò sunkún pẹ́. Ìbínú ló gba ipò ẹkún. Ó kó àwọn ìwé ọkọ̀ ogun tí Ọlájídé ní sínú báàgì dúdú, ó kó o síta fún àwọn kólẹ̀kódọ̀tí. Ó yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ẹnjiníà! Ẹnjiníà tí kò mọ̀ pé èèyàn ń mí! Ó fi èmi àti ọmọ sílẹ̀ nítorí ohun ìṣeré."

Sí èmi, ó dára. Bó bá ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Òun ló fi wákàtí kan bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Mo jẹ oúnjẹ náà tán.

Ní oṣù kẹta ọdún, Anna jókòó tì mí, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án ni. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan, èdè òyìnbó la máa ń sọ. Tíṣà ní kí wọ́n kọ nípa ẹnì kan nínú ẹbí tí wọ́n ń fi yangàn. Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ ni yóò kọ nípa rẹ̀.

Ó ní, "Rárá. Mọ́mì ni."

"Kí ló dé tí kì í ṣe Dádì?"

Kò gbójú sókè. "Dádì kú nítorí pé kò gbọ́n. Joel sọ fún un pé kó má ṣe é, kò gbọ́. Mọ́mì sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí méjì àti méjì jẹ́, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù kun àwòrán ìyá rẹ̀ lọ. Mo wo ọrùn rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú. Mo rí i pé ogún ọdún sí i, bí wọ́n bá bi í léèrè bàbá rẹ̀, ohun tí yóò sọ nìyẹn. Ẹni tí mo pa kò tíì kú tán, mo ṣì ń pa á.

Lọ́jọ́ kejì, tí Adétutù ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, mo ní kó jókòó ní kíṣìnnì. Aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ fún un.

Mo sọ ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ mi kọ̀ ọ́ fún mi. Mo sọ ìdí tó fi parọ́ fún Joel. Mo sọ pé mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí wọ́n bi mí bóyá òun ló ní kí n ṣe é.

Kò pariwo. Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń bi aláìsàn.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn náà?"

"Èmi ni."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́wàá kọjá díẹ̀."

"Ẹ gbá irin, ó dáhùn. Aago mélòó ni kò dáhùn mọ́?"

"Yóò ti tó mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìgbà wo lẹ ṣí i?"

"Mọ́kànlá ààbọ̀."

Ó fi ojú ṣírò ó. Mo rí i bó ṣe ń ṣírò ó. "Ogójì ìṣẹ́jú," ni ó wí. "Bàbá, ogójì ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá gbé e wá bá wa láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ la máa fún un. Afẹ́fẹ́ nìkan. Mo ti ṣe é fún àwọn mìíràn. Kí lẹ rò pé ó ń ṣe nínú ibẹ̀?"

"Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni."

"Ṣé ó ti bínú sí yín rí?"

Mo ronú sí i. "Rárá," ni mo wí.

"Rárá," ni òun náà wí. Ó dìde, ó lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. "Anna! Sọ̀kalẹ̀ wá."

Mo ní, "Adétutù, jọ̀wọ́. Ìwọ sọ fún un."

"Rárá, Bàbá. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bú aláìṣẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́, ẹ sì ń jẹ oúnjẹ mi. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un."

Anna wọlé pẹ̀lú aṣọ oorun lára. Ìyá rẹ̀ fà á jókòó sí iwájú mi, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ lédè òyìnbó, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fo ibì kan, Adétutù á ní, "Ẹ sọ ti ilẹ̀kùn. Ẹ sọ ti ìgbà tí kò dáhùn." Mo sọ ọ́.

Anna ní, "Ṣé Dádì kò sọ pé rárá ni?"

"Ó sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Kí ló dé tí ẹ kò gbọ́?"

"Nítorí pé ọmọ mi ni."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n."

"Òun ló mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Ó gbójú wo ìyá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun lè lọ. Adétutù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn àga mi kọjá, kó má baà fara kàn mí.

Adétutù lọ sínú kọ́lọ́fín, ó gbé àwòrán Ọlájídé jáde, ó nù ún, ó gbé e kọ́ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, obìnrin tí kò tíì sùn láti àná, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ọkọ rẹ̀. Mo jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Joel. Joel kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó fi ń gé irin láti inú ahéré rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ń gé ìdérí náà kúrò. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n gé. Mo gbọ́ bó ṣe ń ha mọ́ ọn lọ́wọ́, n kò sì lè lọ ràn án lọ́wọ́.

Adétutù wá yàrá fún mi ní Langley Park, nílé opó kan tó ń wá sí ìjọ wa, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ọjọ́ Sátidé ló fi ọkọ̀ gbé mí lọ síbẹ̀. Kò tan rédíò. A gba Beltway, òpópónà ńlá tó yí ìlú ká. Ó gbé àpótí mi gun àtẹ̀gùn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó tẹ́ ibùsùn. Ó kó àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sórí tábìlì, ó fi ìwé sára ìkọ̀ọ̀kan wọn, ti àárọ̀, ti alẹ́. Ó wo fèrèsé, ó ṣí i díẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, eékún méjèèjì kan ilẹ̀.

"Bàbá, ó dàbọ̀. Ẹ má pè wá lórí fóònù. Ẹ má pe Anna. Mo ti fún ìyá onílé ní nọ́ńbà mi. Bí ẹ bá kú, wọ́n á sọ fún mi, màá sì wá ṣe ohun tó yẹ."

Mo ní mo gbọ́.